Àbẹ̀ní, Nípa Ibi tí Ẹ Ó Máa Sùn Lójú Ọ̀nà

Padova,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀ní mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun díẹ̀, ó sì ti lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà tíráàmù. Ilé wa kò tóbi, o mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tí mo bá sọ lórí fóònù, ó ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bíírò. Fara balẹ̀ kà á, torí kò ní kúrú, mi ò sì rò pé n ó tún kọ irú rẹ̀ mọ́.

O pè mí lánàá, o sì bẹ̀rẹ̀ ní èdè Italy, bí o ti máa ń ṣe tí ohun kan bá wúwo lọ́kàn rẹ. O ní Kúnlé ọkọ rẹ ti rí ẹnì kan ní Collegno tó fẹ́ fi kámpà rẹ̀ háyà fún yín, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ìdáná nínú, pé òun ni Kúnlé fẹ́ kí ẹ gbé rin ìrìn àjò ìgbéyàwó yín. O ní ìwọ fẹ́ kí ẹ máa sùn sí ostello, àwọn ilé ibùsùn olówó pọ́ọ́kú, láti ìlú dé ìlú. O ní ẹ ti bá ara yín jà lé e lórí. O wá ní kí n dá ẹjọ́ náà.

Àmọ́ mo gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè rẹ. Ohun tí ò ń bi mí gan-an ni pé, bí ẹ bá lọ, tí bàbá rẹ bá kú lẹ́yìn rẹ ńkọ́? O ò fi ẹnu sọ ọ́, èmi náà ò sì fi ẹnu dáhùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wà nínú yàrá dókítà nígbà tó sọ pé ọkàn bàbá rẹ ti rẹ̀, pé kò sí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n tún lè ṣe, pé ó lè pẹ́ díẹ̀, ó sì lè má pẹ́. Nígbà tí a jáde, ìwọ lo kọ́kọ́ sọ pé ẹ ò lọ mọ́. Ṣé o rántí bí bàbá rẹ ti dá ọ lóhùn nínú bọ́ọ̀sì?

"Ẹ ó lọ. Ṣèbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní Novara ni? Ìgbà wo ni wọn ó tún fún ọ nísinmi? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó máa wò mí bí ìkòkò tó wà lórí iná."

Gbogbo bọ́ọ̀sì ló wò wá, torí o bú sẹ́rìn-ín, o sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, n ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí o fi ẹnu bi mí, kí n tó kan èyí tí o ò fi ẹnu bi mí.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí ostello. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún 2011 tí mo dé Padova láti tún ìwé kà, ìwọ wà ní Ìwó lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá mi. Bàbá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mi ò mọ ẹyọ ènìyàn kan níbí. Gbogbo onílé tí mo bá lọ ló ń sọ pé ẹnì kan ti gba yàrá náà, nítorí náà ostello ni mò ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Yàrá obìnrin ni, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, àwọn tó yí mi ká kò sì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó ń sùn lókè orí mi, ilẹ̀ a mọ́, á gbé báàgì rẹ̀, á sì lọ. Ẹlòmíràn á dé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè wà láàárín èrò kó má rí ẹni tó máa bi í pé ṣé ó sùn dáadáa.

Mo máa ń kí wọn, o mọ̀ mí. N ó ní "Buongiorno," orúnkún mi yóò sì tẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá tí mo bá pàdé ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Signora, ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n fi ń kó aṣọ ìbùsùn ló ń ní kí n máa wọ̀, èmi àti aṣọ ìdọ̀tí. Òun nìkan ló ń béèrè àlàáfíà mi ní gbogbo ìlú yìí nígbà náà, orúnkún tí kò dùn mí ló sì ń béèrè.

Tó bá jẹ́ ostello lẹ ó lọ, èyí ni kí ẹ mọ̀. Ẹ wá èyí tó ní ilé ìdáná, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sára ohun gbogbo tí ẹ bá gbé sínú fíríìjì. Mo se ọbẹ̀ tí n ó jẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan sára ìkòkò. Nígbà tí mo fi padà láti kíláàsì, ìkòkò náà ti wà ní fífọ̀, ó ń dán, òfìfo. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fúnni ní aṣọ ìnura. Ẹ béèrè owó tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò, torí kì í sí nínú iye tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ, ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ni wọn ó ti gbà á. Kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, wọn kì í sì í yí ọjọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ti sanwó ostello ìlú mẹ́fà, ìlú mẹ́fà náà ni yóò máa fà yín lọ, bí nǹkan tilẹ̀ ń pè yín padà sílé. Fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, obìnrin ní yàrá tiwọn, ọkùnrin ní tiwọn. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ẹ ó wá máa dágbére fún ara yín lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé? Mo sọ èyí fún bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé omi fún un.

Kámpà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́. Ní òpin ọdún ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́, Chiara, ọmọ kíláàsì mi tó jẹ́ ọmọ Torino, rí i pé gbogbo ènìyàn ló ní ibi tí wọ́n ń lọ àfi èmi. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kámpà ní Collegno. Ó jọ pé Collegno ni gbogbo kámpà ayé ń gbé. Ó ní kí n bá òun àti Marta ọ̀rẹ́ òun lọ sí ilẹ̀ Faransé, kí a gba orí òkè kọjá, kí a máa dúró níbi tó bá wù wá. Mo gbà kíákíá. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé mi ò ní dúró níwájú ẹnikẹ́ni tí yóò ṣí pásípọ́ọ̀tù mi, wo àwòrán, wo ojú mi, tún wo àwòrán. Mo rò pé nínú kámpà n ó sinmi lọ́wọ́ ojú ènìyàn.

Àṣìṣe ni. Kò sí ibi tí ojú pọ̀ tó inú kámpà. Tábìlì ni wọ́n ń sọ di bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà tí oorun bá ń kun ẹnì kan, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ oúnjẹ. Tí ẹnì kan bá yí padà lórí ibùsùn, ilé á mì. Ẹ ò ní lè bínú síra yín kí ẹnì kan wọ yàrá lọ, torí yàrá kan ṣoṣo náà ni, òun náà ló tún ní táyà. Nítorí náà, ẹ tètè máa parí ìjà yín. Kí ìwọ àti Kúnlé pín iṣẹ́ kí ẹ tó gbéra, ẹni tí yóò máa bu omi àti ẹni tí yóò máa da ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ nù. Èmi ni mò ń dà á nù nígbà tiwa, torí kò sẹ́ni tó béèrè, ojú sì ń tì mí láti sọ pé ó ti kan ẹlòmíràn.

Ìta ni kí ẹ ti máa se ọbẹ̀. Mo gbé irú lọ, mo we é sínú ọ̀rá lórí ọ̀rá. Ọjọ́ tí mo fi se ọbẹ̀, Marta ṣí fèrèsé kan. Ó ṣí èkejì. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo ìràwọ̀. Oòrùn kò tí ì wọ̀.

Chiara ní, "Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

Mo ní, "Èso igi kan ni. A máa ń sè é, a ó fi pamọ́ títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni igi náà ṣẹ̀ yín?"

Ṣùgbọ́n òun ló jẹ ẹ́ jù. Ó ń fẹ́ ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀, ó tún ń na abọ́ sí mi. Ó pẹ́ kí n tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kámpà ga. Lẹ́nu ibi ìgbọ́kọ̀sí ọjà kan lójú ọ̀nà òkè, wọ́n gbé irin dábùú òkè ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì rí i láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n mò ń wá ọ̀rọ̀ tó bọ̀wọ̀ fúnni tí n ó fi sọ fún Chiara ní èdè Italy pé kó dúró. Kí n tó rí i, a ti gbọ́ gbàgà lórí òrùlé. Marta yí ojú padà, ó ní, "O rí i, àbí o ò rí i?" Mo ní mo rí i. Ó ní, "Kí ló wá dé?" Àbẹ̀ní, tí o bá rí ewu, èdè yòówù tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ ni kí o fi pariwo. Má wá èyí tó dára.

Wàyí o, ohun tó mú mi mú bíírò nìyí.

Etí adágún omi kan ní ilẹ̀ Faransé la wà nígbà tí fóònù mi dún. Màmá Bísí ni, àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí a ti ń ra gààrí tí a sì ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Nígbà yẹn, àwọn nìkan ni ẹni tí mo lè pè ní ẹni mi ní Padova. Orúkọ rẹ, Mojí, ni wọ́n fi ń pè mí, torí èmi nìkan ló ń fi oríkì pè ọ́ ní Àbẹ̀ní.

"Ìyá Mojí, ṣé o wà nílé?"

"Rárá mà. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi la rìnrìn àjò. A wà ní Faransé."

"Ilé ta lẹ dé sí?"

"A ò dé sílé ẹnì kankan mà. Inú ọkọ̀ la ń sùn."

"Inú kí ni?"

"Ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì ni mà. Ó ní sítóòfù."

"Ṣé ibẹ̀ ní nọ́ńbà? Ṣé ó ní orúkọ àdúgbò?"

"A ń ṣí kúrò lójoojúmọ́ ni mà."

"Ṣé Yorùbá kankan wà láàárín yín?"

"Rárá mà."

"Àgbàlagbà kan ńkọ́?"

"Èmi ni àgbà wọn mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tí ẹ bá ti ń padà bọ̀, pè mí."

Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni, obìnrin ilé ọkọ tó ń sùn káàkiri ẹ̀bá ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún pè, ìbéèrè kan náà. Chiara bi mí pé, "Ṣé ìyá rẹ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ìyá."

Ó wá wù mí láti gbọ́ ohùn ìyá mi. Mo pe Ìwó. Ìwọ lo gbé e.

Mo ní, "Màmá Àgbà ńkọ́?"

O ní, "Wọ́n ń sùn, mà."

Ọ̀sán ni. Ìyá mi kì í sùn lọ́sàn-án. Kí o tó dá mi lóhùn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọ létí. Mo gbọ́ ìjókòó tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ìjókòó tó pọ̀ ju èyí tó wà nílé wa lọ. Rédíò tí Màmá Àgbà kì í pa, mi ò gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni etí mi mú. Mi ò jẹ́ kó dé ọkàn mi ni. Mo ní, "Ó dáa. Bá mi kí wọn tí wọ́n bá jí." O ní, "N ó kí wọn, mà."

Èmi àti ìwọ ò tí ì sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, láti ìgbà tí o ti wá bá mi ní Padova. Ọmọdé ni ọ́. Àwọn àgbà ló fi ọ̀rọ̀ náà sí ọ lẹ́nu, o sì ṣe bí wọ́n ti ní kí o ṣe. Mi ò bínú sí ọ rí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé títí di òní, tí ẹnikẹ́ni bá fi fóònù béèrè ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ, o máa ń dìde lọ fi ojú rí ẹni náà kí o tó dáhùn. Kúnlé rò pé ìwà ọ̀yàyà ni. Èmi mọ ohun tó jẹ́.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, a padà, mo sì pe Màmá Bísí bí wọ́n ti wí. Chiara bá mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino dé Padova, ó sì bá mi gbé báàgì kan dé ilé tí mo ti rí yàrá nígbà náà. Kí n tó rí ènìyàn kankan, bàtà ni mo rí. Bàtà tò láti ẹnu ilẹ̀kùn wa wá sórí àtẹ̀gùn, tọkùnrin tobìnrin, bí wọ́n ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìwó. Onílé mi, ìyá àgbà ọmọ Italy kan, sọ̀kalẹ̀ wá pàdé mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ṣé ọjọ́ ìbí rẹ ni? Àwọn ènìyàn rẹ ti kún ilé! Wọ́n gbé oúnjẹ wá!"

Màmá Bísí jáde, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi.

"Jókòó ná."

"Mi ò jókòó mà. Ẹ sọ ọ́."

"Jókòó, ọmọ mi."

Wọn ò pè mí ní ọmọ wọn rí, Ìyá Mojí ni wọ́n máa ń pè mí. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Àlùfáà tó ń darí ìrun fún àwọn ará wa sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mi ò sì gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ìyá mi kú náà ni wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ pàápàá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, etí omi ni mo wà, à ń ya àwòrán, mò ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo Yorùbá Padova ti mọ̀. Ọ̀dọ́mọdébìnrin tó ń dirun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Màmá Bísí, tí èmi àti ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ rí, òun náà mọ̀. Èmi tí wọ́n bí, èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

Chiara dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́. Nígbà tí ó yé e, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò kàn pè ọ́?"

Mo ní, "Wọ́n pè mí."

Àbẹ̀ní, mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì lè sọ pé àwọn àgbà wa burú. Wọ́n ní a kì í ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí etí ẹni tí kò ní ẹni tó máa dì í mú. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ṣubú, ọwọ́ wà lábẹ́ abíyá mi, mi ò dé ilẹ̀. Wọ́n sùn tì mí. Wọ́n fún mi lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tó yẹ kí n fi sunkún ìyá mi, ẹ̀rín ni mo fi rín, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà fún mi kí n tún wọn lò. Ìyẹn ni wọn ò rò.

Ẹjọ́ yín ló kù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Màmá Bísí wá kí bàbá rẹ. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Sọ fún Mojí kó lọ sùn sílé tó ní nọ́ńbà o. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a lẹ́ni ní Lyon, a lẹ́ni ní Vienna, a ó rán wọn lọ bá a. Kúnlé la ó kọ́kọ́ sọ fún. Kó parọ́ fún un pé iṣẹ́ ń pe òun, kó rọra mú un bọ̀ wálé."

Mo ní, "Rárá mà."

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ sí wọn rí. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún un? Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bá ọ fi fóònù pe dókítà?"

"Èmi ni mà."

"Lórí fóònù?"

"Lórí fóònù, mà."

Wọ́n wá tún gèlè wọn ṣe. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ọmọ rẹ ni."

Nítorí náà, Kúnlé ló jàre. Ẹ gbé kámpà. Inú mi ì bá máa bà jẹ́ sí kámpà títí láé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ènìyàn ni. Kámpà kò ní ìlú tó ti gba owó yín tó ń dúró dè yín. Wákàtí tí ẹ bá fẹ́ padà náà ni ẹ ó yí orí rẹ̀. Ẹ má kọjá ibi tí ẹ ti lè wakọ̀ padà dé Padova láàárín ọjọ́ kan. Ẹ lọ sí Austria, ẹ lọ sí Slovenia, ẹ wo àwọn adágún òkè Faransé, wọ́n dára gan-an, mo ṣì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Spain sílẹ̀ fún ọdún mìíràn. Inú campeggio ni kí ẹ máa sùn sí, níbi tí wọ́n ń gba kámpà sí, tí iná wà, tí ẹnì kan sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sùn sẹ́bàá ọ̀nà torí pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ìwọ náà máa wakọ̀, kó má jẹ́ Kúnlé nìkan, torí ó lè jẹ́ òun ni ìwọ yóò gbé bọ̀, ó lè jẹ́ ìwọ ni òun yóò gbé bọ̀. Kí ẹ sì máa pe bàbá rẹ nírọ̀lẹ́. Ó fẹ́ gbọ́ ibi tí ẹ dúró sí, ohun tí ẹ jẹ, àti irú igi tó wà níbẹ̀. Ó ní kí o má kàn sọ pé ó rẹwà. Ó ní kí o ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni tó gba owó fún un.

Tí ọjọ́ náà bá dé nígbà tí ẹ wà lọ́nà, ìwọ ni n ó pè, mi ò ní pe Kúnlé gba ẹ̀yìn rẹ. N ó kọ́kọ́ ní kí ẹ wá ibi tó dára, kí ẹ pa ọkọ̀, kí Kúnlé jókòó tì ọ́, kí ó di ọwọ́ rẹ mú. N ó dúró títí ẹ ó fi ṣe é. Lẹ́yìn náà n ó sọ ọ́ fún ọ bó ti rí, mi ò ní fi nǹkan kan bò ó. Ohùn mi lè má dára. Ọ̀rọ̀ lè máa kọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Kí o sunkún ibẹ̀ títí yóò fi tó ọ, kí ẹ tó máa bọ̀. A ó dúró dè ọ́. Níbí, ìwé ìsìnkú kì í yá, bàbá rẹ fúnra rẹ̀ sì ti bá Àlùfáà sọ ọ́ pé kí wọ́n má gbé òun jáde láìsí ọ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye gààrí tí a ó rà. Èmi ni mo lọ sínú ilé ìdáná.

Mo ti sọ fún Màmá Bísí, mo ti sọ fún Àlùfáà, mo sì ti kọ̀wé sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó. N ó pè ọ́ kí n tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. N ó pè ọ́ kí n tó pe ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ ẹbí. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ṣáájú rẹ.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.